Ibi tí Irin Tẹ̀ Sí

Ọdún kẹta tí ọkọ̀ ojú irin ti gbàgbé Ṣábẹ̀ẹ́,
tí ewúrẹ́ ń jẹko láàárín ọ̀nà irin
bí ẹni jẹ ogún,
bàbá mi wọ́ páìpù kànga kan wọlé
tó gùn ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa lọ.
"Bàbá Ọlátóún, kí la fẹ́ fi eléyìí ṣe?"
"Ìbọn ni."
Ìyá mi wo páìpù, ó wo ọkọ rẹ̀,
ó padà sídìí iṣu tó ń hó.

Ìbọn orí irin ni, irú èyí tí bàbá bàbá mi rí nílẹ̀ Faransé
nígbà tí wọ́n kó wọn lọ sógun tí kì í ṣe tiwọn.
Kò sí àwòrán. Ẹnu ló fi yà á fọ́mọ rẹ̀:
ọmọ ọdún mẹ́ta lè jókòó sẹ́nu rẹ̀;
gígùn rẹ̀, ọgbọ̀n ìgbésẹ̀ ọkùnrin tí kò kánjú;
ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.
Bàbá mi pín gbogbo rẹ̀ sọ́nà mẹ́rin, ó mú ọ̀kan.
Ìyẹn náà gba àgbàlá tán, a sì wó ilé adìyẹ.
Ṣùgbọ́n iye ẹsẹ̀ kò ṣe é pín:
méjìlélọ́gbọ̀n ló gbọ́, méjìlélọ́gbọ̀n ló rọ,
láti ara ẹ̀rọ ìlọta, láti ara kẹ̀kẹ́ àwọn tó ti kú,
láti ara irin tí ilé iṣẹ́ ṣúgà dà nù.

Èmi ni mo ń mú ẹfun lọ́wọ́.
"Má wo iná yẹn, Ọlátóún."
Mo wò ó.
Lóru, ojú ń ta mí bí ẹni fi ata wẹ̀ ẹ́.

Ṣandáámù méjì wá; ẹnìkan ti lọ sọ fún wọn.
Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sínú páìpù,
eyín mi ni wọ́n bá pàdé lódì kejì.
Èyí tó kéré nínú wọn rẹ́rìn-ín.
"Wọ̀rú, báwo ló ṣe ń yí ọrùn?"
"Kò lọ́rùn. Bó ti tóbi tó nì,
ibi tí irin bá kọjú sí ló ń wò.
Bí wọ́n bá fẹ́ kó wo ìlú kan, irin ni wọ́n ń tẹ̀,
díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tẹ ọrun."
"Ta ló ń tẹ̀ ẹ́?"
Bàbá mi mú òòlù,
ó ń wá ìṣó tí kò sọ nù.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló sọ ọ́, kì í ṣe fún mi gan-an, fún àtùpà.
Bàbá rẹ̀ kò yìnbọn rí. Ṣọ́bìrì ni wọ́n fún un,
òun àti ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ mẹ́rin, nínú òtútù tó ń bó èékánná.
Òyìnbó kan á fojú kan wo inú awò,
á ní: ìka kan sí i, lápá ọ̀tún.
Wọ́n á fi èjìká ti irin ní ìka kan.
Nírọ̀lẹ́, ìbọn á gorí iṣẹ́ ọwọ́ wọn,
wọ́n á ní kí wọ́n di etí.
Ìka kan lọ́dọ̀ tiwa, ni baba àgbà máa ń wí,
ìlú mìíràn ni lọ́hùn-ún.
Kò morúkọ ìlú náà.
Títí ó fi kú, ẹni tó bá sún ẹní rẹ̀ díẹ̀ báyìí
á rí i tó dìde, tí kò ní sùn mọ́.

Oṣù márùn-ún ni ìbọn.
Ọdún méjì ni irin tó dúró lé.
Bàbá mi á tẹ̀ ẹ́, á dọ̀bálẹ̀, á fojú kan wò ó, á tún nà án.
Ọ̀tún, ilé ẹ̀kọ́ àwọn sísítà. Òsì, ọjà.
Ọ̀ọ́kán, ìdáná ìyá mi.
Ó gbé ẹnu rẹ̀ sókè títí ó fi kan òkè Ṣábẹ̀ẹ́,
ó rántí àwọn tó sùn síbẹ̀.
Kò síbi tí kò lẹ́ni.

Nínú ọyẹ́ ọdún kejì, ó pè mí. "Tì í."
Mo fi èjìká tì í.
Ẹsẹ̀ méjìlélọ́gbọ̀n gba ibi títẹ̀ náà wọ́ọ́rọ́wọ́.
"O gbọ́ nǹkan?"
Mo ní mi ò gbọ́ nǹkan kan.
Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ló wí."