Ẹni Tí Ń Bi Kábíyèsí

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́,
Láwọyin, bàbá mi àgbà, ọmọ ìlàrí,
ń rún obì lẹ́nu wẹ́wẹ́.
"Kábíyèsí," mo ní, "kí ló túmọ̀ sí?"
"Ká bi yín kò sí. Kò sẹ́ni tí ń bi ọba."
Ó tu èérún obì sílẹ̀, ó dákẹ́.

"Àmọ́ àwọn méje kan ń bi í.
Wọn kì í pariwo, wọn kì í fa idà yọ.
Igbá ni wọ́n ń gbé wá, igbá tí a dé,
ẹyin odídẹrẹ́ nínú rẹ̀.
Ọba tó bá ṣí i ti gbọ́ ìbéèrè.
Ẹ̀ẹ̀kan péré là ń dáhùn rẹ̀ láyé."

"Àwọn tó gbé igbá ńkọ́, ta ní ń bi wọ́n?"
Ó wò mí bí ẹni rí ejò lórí ẹní.
"Ilẹ̀," ló wí. "Má bi mí mọ́."

Lánàá la jọ lọ sí káńsù.
Akọ̀wé kan, pẹ́ẹ̀nì létí, ń yán:
"Ààfin ò tíì fọwọ́ síwèé.
Owó oṣù wọn ò ní jáde."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí a fi délé.
"Igbá a máa pa ọba lọ́jọ́ kan.
Pẹ́ẹ̀nì kì í pa á.
Ó ń jẹ ẹ́ lóṣooṣù, bí ikán."

Lóru, ó pè mí padà:
"O ò gbọ́dọ̀ sọ pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀."
Ó ń fọwọ́ pa ìdajì orí rẹ̀,
apá ibi tí wọ́n ti ń fá orí baba rẹ̀.