Iye

Ìwé náà kò ní èèpo mọ́ nígbà tó dé ọwọ́ mi.
Nọ́ọ̀sì kan tó ń fi ọsibítù Ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ ló fún àbúrò mi:
páálí abẹ́rẹ́ kan, ìwé mẹ́tàlá, ikán ti jẹ méjì.
Marisela Ontiveros ló wà lójú ewé kìíní.
Mo pe orúkọ náà títí
bàbá mi fi yọjú: "Ta lò ń bú?"

Ó ní ìyá ìyá òun ń ká kọfí lórí òkè kan
tí òun kò dé rí.
Wọ́n sọdá odò lóru, aṣọ wọn lórí,
wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń ká tòmátò olówó,
tí ọmọ ń ti ilé ìwé bọ̀ pẹ̀lú ẹnu méjì,
ọ̀kan ti tísà, ọ̀kan ti ìdí ààrò.
Ti ìdí ààrò ló kọ sílẹ̀ bó ṣe rí.
Kò túmọ̀ rẹ̀. Kò tọrọ gáfárà.

Mo gbójú sókè. Ìyámoyè nìyí, kọfí rèé lórí ẹní,
iye mi ń fi ẹsẹ̀ yí i sí oòrùn.

Ní Kábà, kíláàsì kẹta,
mo kọ àròkọ kan, mo pè é ní "Iye mi".
Tísà fi bírò pupa lé e lórí:
"Ìyá là ń kọ. Iye, ti ọjà ni: eélòó?"
Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.
Ìyẹn ló ń dùn mí jù.
Ní Ìbàdàn, mo kí onílé, mo ní, "Òkun o,"
ó bojú wẹ̀yìn, bí ẹni pé omi ń ya bọ̀.

Oníkọfí tó wá kẹ́yìn
so òṣùwọ̀n rẹ̀ kọ́ ẹ̀ka máńgòrò,
ó pe iye kan tí iye kò dá lóhùn.
Àpò mẹ́rin padà sí yàrá. Eku ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ìparí ìwé obìnrin yẹn ti ya.
N kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni padà sí òkè náà.
Mo yí ìwé gbèsè kajú sódì,
mo kọ lẹ́tà mẹ́ta sí ewé tó mọ́,
n kò fi àmì ohùn kankan sí i.

"Kí lò ń kọ?" iye bi mí láti ẹnu ọ̀nà.
"Ìwọ ni."
Ó gbọn ẹní. "Ṣé wọ́n á san nǹkan?"