Yí I Díẹ̀, Kí O Dúró

Ohùn Mojírayọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀,
lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọ̀fun, ní oṣù Ẹrẹ̀nà.
Orin tó máa ń gbé dé àjà tẹ́lẹ̀
kò kọjá èjìká mọ́.
Mo dẹ gìtá mi wálẹ̀ kí n lè lọ pàdé rẹ̀,
okùn tín-ín-rín sì rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ lọ́wọ́ mi,
ó ń gbọ̀n lára irin
bí eyín arúgbó nínú ọyẹ́.

Mo lọ sí Ẹrẹ́jà, mo ra èyí tó nípọn jù.
Ọmọ tó tà á fún mi ní, "Ṣé ewúrẹ́ lẹ fẹ́ fi so ni?"
Mo rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo fa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà le tán,
ọrùn gìtá tẹ̀ bí ọrun ọdẹ.
(Ọrùn àti ọrun, okùn àti okun:
àmì kan péré ló là wọ́n láàárín.)
Okùn gbéra kúrò lórí pákó
débi pé ìka kékeré lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.
Irin ìdí rẹ̀ náà dìde, ó kọ ẹ̀yìn sókè
bí ewúrẹ́ tó ń mu omi gọ́tà.
Ìgbà yẹn ni mo rántí ọmọ Ẹrẹ́jà.

Mo gbé e tọ Láṣebìkan lọ ní Bọ́lọ́rundúró,
ẹni tó ń tún rédíò ṣe
kí rédíò tó kó wọ inú fóònù.
Ó lóṣòó tì í
bí àwọn baba wa ṣe ń lóṣòó ti ẹni tó jẹ wọ́n lówó aṣọ:
kò bínú, kò kánjú, kò sì ní dìde.

Ó ṣí ẹ̀yìn gìtá. Spíríǹgì mẹ́ta.
"Mẹ́ta ń bá mẹ́fà fa á. O ò ṣàánú wọn."
Ó fi ẹ̀kẹrin kún un, ó wa síkúrù wọlé,
títí irin ìdí fi tẹ́jú
bí ẹni tí wọ́n ti bẹ̀.
Lẹ́yìn náà ló ti kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà bọ ọrùn,
ó yí i ní ìdámẹ́rin,
ó dáwọ́ dúró.
"Ó ti tán?"
"Ó tán fún òní. Irin ń bẹ nínú rẹ̀, àmọ́ igi ló ni ilé.
Igi gbọ́dọ̀ sùn lé ọ̀rọ̀ kó tó gbà."

Lóru, iná lọ.
Mo gbọ́ tí nǹkan dún pẹ́ nínú àpótí gìtá.
Mo rò pé eku ni.
Eku kọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tún yí i díẹ̀.
Ó di ojú kan, ó wo ọrùn náà láti ìdí dé orí
bí bíríkìlà ṣe ń wo ògiri.
Ó fi fáìlì họ ojú àlà tí okùn ń gbà,
lẹ́búlẹ́bú egungun dà sí i lórí ṣòkòtò,
nítorí okùn ńlá kò lè gba ẹnu ọ̀nà okùn kékeré
kí èjìká rẹ̀ má ha.

Ó wá fọwọ́ ba okùn ní àárín gbùngbùn, níbi àmì méjì,
ó ta á. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó tún ta á:
ohùn méjì tó yẹ kó jẹ́ ọ̀kan.
Ti ìsàlẹ̀ gbà. Ẹ̀kẹta kò gbà.
Ó sún ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, ó sún un síwájú,
irọ́ ṣì kù nínú rẹ̀, kò ju fọ́nrán irun lọ.
"Fi í sílẹ̀. Kò sí agbo ilé
tí ẹnì kan kì í purọ́ díẹ̀."

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi.
Ó tún lóṣòó.
Mo fi fóònù san ìyókù.

Lálẹ́ Jímọ̀, a dánrawò.
Mojírayọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, n kò wo ojú rẹ̀.
Mo ta okùn tó nípọn jù,
ó dún láti ìsàlẹ̀, bí ẹni tó ń tẹ́ ẹní.
Ó mí, ó sì jókòó lé e.

Ìka mi ń ta mí títí di ọjọ́ Ajé.