Máàkì Solfrid

Solfrid, èmi ni mo ń wọ̀n ọ́.
O ò mọ̀ mí. Yàrá mi ní Trondheim kò ní fèrèsé,
orúkọ rẹ sì jẹ́ ìlà kan láàárín ẹgbàajì ìlà
tí mo ń ṣí láràárọ̀ kí tíì mi tó tutù.

Mo mọ̀ pé Vardø lo wà, létí òkun àríwá,
níbi tí oòrùn ti ń dágbére lóṣù kọkànlá
tí kì í padà títí ọdún tuntun fi wọlé.
Mo mọ̀ pé o fi ọgbọ̀n ọdún tún àwọ̀n ẹja ṣe:
ìwọ lo kọ ọ́ sí àyè tí a ti béèrè iṣẹ́ ẹni.
"Àwọ̀n," lo kọ. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Eku kan ló ni ọpọlọ náà.
A rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, ó fẹ́lẹ́ ju ìhó orí omi,
a ya àwòrán rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a tò wọ́n jọ bí ìwé,
a ní kí aráyé wá fi àwọ̀ búlúù tọ fọ́nrán
láti ojú ewé kan bọ́ sí èkejì,
kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kó já,
kí wọ́n má so ó pọ̀ mọ́ fọ́nrán ẹlòmíì.
A pè é ní eré. Eku náà kò rí i bí eré.

Lóṣù àkọ́kọ́, ọ̀kànlélọ́gọ́ta lo gbà nínú ọgọ́rùn-ún.
Ọwọ́ rẹ ń yára jù, o ń kun òfìfo.
Nígbà tí òkùnkùn dé,
mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún, o sì dúró síbẹ̀
bí ọkọ̀ tó ju ìdákọ̀ró.

Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n, kò sẹ́ni tó bi mí rí.
Ẹni méje là ń fún ní àyè kan náà.
Ibi tí ẹni márùn-ún bá kùn, a ní òtítọ́ ni.
Ẹni tó bá bá wọn rìn, máàkì rẹ̀ á gòkè;
ẹni tó bá dá yà, tirẹ̀ á wálẹ̀.
Òtítọ́ fúnra rẹ̀ kò sí nínú àpótí mi.
Ẹnu ọ̀pọ̀ ni mo fi rọ́pò rẹ̀,
mo fi nọ́ńbà bò ó, kó má baà jọ àbá.

Ọjọ́ kejìlá oṣù kìíní, aago mẹ́ta òru:
àyè kan tí èérí bo àwòrán rẹ̀, bí ẹni tẹ ìka aláro mọ́ ọn.
Ẹni mẹ́fà dé ibẹ̀, wọ́n dúró. Fọ́nrán ti parí.
Ìwọ ò dúró. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún lo fi yí i ká,
o gba abẹ́ èérí náà kọjá, o jáde lódì kejì,
o sì ń kun ẹ̀ka kan lọ, tín-ín-rín, tín-ín-rín,
tí ẹnikẹ́ni kò rí.

Mo gé máàkì rẹ. Ẹ̀rọ ló gé e, àmọ́ èmi ni mo kọ́ ẹ̀rọ.
Mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. O kọ̀wé sí wa, gbólóhùn méjì péré:
"Okùn tó bá já máa ń tú lẹ́nu. Èyí ò tú."
Mo fi èsì tí a ti tẹ̀ sílẹ̀ fún aláròyé ránṣẹ́:
A dúpẹ́ fún àkókò yín.

Oṣù kẹrin ni Jorunn yẹ ojú ibẹ̀ wò
nítorí ohun mìíràn pátápátá.
Ó pè mí. Ó fi ìdí bíírò tọ́ka. Kò sọ nǹkan kan.
Ẹ̀ka náà ń bẹ. Ó rìn jìnnà, ó kan fọ́nrán mìíràn
níbi tí ọ̀kan ti ń bá èkejì sọ̀rọ̀.

Mo dá máàkì rẹ padà. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan.
Ti àwọn mẹ́fà yòókù, mo fi í sílẹ̀;
wọn kò purọ́, ó kàn rẹ̀ wọ́n ni.
Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí ẹni tó dá yà,
mo máa ń wo iye ìṣẹ́jú tó lò.
Ìyẹn náà kì í ṣe òṣùwọ̀n. Aláìmọ̀kan náà lè pẹ́.

Oòrùn kì í wọ̀ mọ́ ní Vardø báyìí.
Ọjọ́ mọ́kànlá rèé tí ìlà rẹ kò mira.
Nínú ìwé mi, mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún lo ṣì wà.
Mo ń wò ó bí ẹni ń wo àwọ̀n tó dára
tí kò mọ ihò tí ẹja gbà lọ.