Ìwọ̀n Ọwọ́ Bàbá Àjàgbé

Àtẹ̀gùn mẹ́fà ló wà lẹ́nu ọ̀nà ilé Bàbá Àjàgbé
ní Màsífà, ní Ògbómọ̀ṣọ́,
gbogbo rẹ̀ ga bí ìgbéraga ọ̀dọ́kùnrin.
Èmi ni mo ru sìmẹ́ńtì rẹ̀
nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́,
tí ọ̀gá mi ń fi ẹ̀yìn ṣíbí ìrẹ́lé kàn mí lórí
bí mo bá da omi jù.
Ilé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn mọ:
ẹni tó mọ ọ́n ni ò lè gùn ún mọ́.

Bọ́látitó pè mí láti Ìlọrin:
"Gbé bẹ́ẹ̀dì bàbá mi sí pálọ̀,
ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa.
Ọmọ tí mo rán sí wọn á máa gbé wọn wọlé,
á máa gbé wọn jáde."
Ìfẹ́ ni. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni.
Ṣùgbọ́n Bàbá gbọ́ ọ, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́:
"Ṣé àpò gaàrí ni mí ni?"

Mi ò kọ́kọ́ wọn ògiri.
Ọwọ́ wọn ni mo wọ̀n,
kí n mọ bí igi tí wọn yóò máa dì mú ṣe gbọdọ̀ tóbi tó.
Irin dán, ṣùgbọ́n irin a máa buni jẹ lọ́yẹ́;
igi apá ni mo fá, tí mo fi sáńpépà ha
títí ó fi rí bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ.
Mo kàn án mọ́ ògiri láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì dé balùwẹ̀,
kò já níbì kankan,
nítorí òkùnkùn àdúgbò wa kì í kọ lẹ́tà kó tó dé.

Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ.
Wọn ò sọ fún wa pé ọjọ́ kan ń bọ̀
tí ti àgbà náà ò ní tó o.
Mo sọ pẹpẹ kalẹ̀ dé ìgbáyà:
ife, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, Bíbélì onílẹ́tà gàdàgbà,
rédíò tí wọ́n fi rọ́bà so lẹ́yìn.
Bọ́látitó fẹ́ táìsì tó ń dán ní balùwẹ̀.
Mo ní táìsì tó ń dán, ọ̀tá eegun ìbàdí ni.

Àtẹ̀gùn, mi ò wó o.
Èèyàn kì í wó iṣẹ́ ọ̀gá ẹni.
Mo da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀,
mo fi ìgbálẹ̀ fa ilà sí i nígbà tó ṣì tutù.
Lọ́jọ́ kẹta, Bàbá ní, "Bu omi wá."
Wọ́n dà á. Omi ṣàn, ó ṣàn,
ó dúró lójú kan, bíńtín.
"Fọ́ ọ. Tún un ṣe."
Ọmọ ọdún méjìlélógójì ni mí, mo ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta;
mo fọ́ ọ, mo tún un ṣe,
inú mi sì dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ó ku pákó ìjókòó lábẹ́ máńgòrò,
ní agbedeméjì ilé àti géètì:
ọ̀nà kì í jìn fún ẹni tó mọ ibi tí òun yóò ti sinmi.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, fóònù dún lórí pẹpẹ,
ó dún, ó dún, ó dákẹ́.
Tèmi náà dún. Bọ́látitó ni, àyà rẹ̀ ń já:
"Bàbá mi ò gbé e! Níbo ni wọ́n wà?"
Mo wo pákó abẹ́ máńgòrò. Kò sẹ́nìkan.
Mo wo géètì, ó ṣí sílẹ̀.
"Fọkàn balẹ̀," mo ní.
"Wọ́n ti jáde."