Ìpẹ́ Tó Bọ́ Sínú Abọ́

Ọjọ́ Àlàmísì ni ọ̀gá lọ.
Kò kó irin iṣẹ́ kan, kò ká àwòrán kan lára ògiri.
Kọ́kọ́rọ́ ló fi sára òòfà ńlá tó wà lẹ́nu ọ̀nà,
ó lẹ̀ mọ́ ọn pinpin.
Ó ní, "Ẹni tó bá nílò rẹ̀, á fà á."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kan àpótí ní Òkè-Pósù, ní Ẹ̀pẹ́,
àpótí igi apá, àpótí igi ọmọ̀,
pákó tí a máa ń tò sábẹ́ òjìji fún oṣù mẹ́fà
kí ayùn tó kàn án.
Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi a máa fi wá ṣẹ̀fẹ̀ bí wọ́n bá ń kọjá:
"Mùdáṣírù, pósí ọba wo lẹ tún ń kàn?"
Ọ̀gá a ní, "Òkú kọ́ ló ń gbé inú tiwa."

Ọkùnrin kan ti Jámánì wá.
Ó yọ bàtà, ó jókòó síwájú sípíkà méjì,
ó sunkún, kò sọ̀rọ̀,
ó san owó tó lè ra ọkọ̀ ìpẹja mẹ́ta,
ó jẹ ẹ̀bà nílé Ràfátù, ó lọ.

Kò sí ẹ̀rọ tí ọ̀gá fi ń dán iṣẹ́ wò.
Kásẹ́ẹ̀tì kan ni:
ìyá rẹ̀ ló ń ha ìpẹ́ ẹja lẹ́yìnkùlé, kó tó kú.
Ọ̀bẹ ń lọ fẹ́ẹ́rẹ́-fẹ́ẹ́rẹ́. Ìyá ń mí.
Adìẹ kan ń ké lọ́nà jíjìn.
Níbì kan, ìpẹ́ ẹyọ kan bọ́ sínú abọ́ tánganran.
Bí o bá gbọ́ ọ, àpótí ti jinná.
Bí o ò gbọ́ ọ, tú u, tún bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rèé,
àfi èmi Ṣìfáwù tí mo ń wé wáyà bàbà:
ó ti tó ọdún méjì tí ọ̀gá ò gbọ́ ìpẹ́ mọ́.
Ojú mi ló máa ń wò.
Bí mo bá fi orí dáhùn, á ní, "Ó ti jinná."
A ò sọ ọ́ síra wa rí.
Ìyàwó rẹ̀ pàápàá rò pé ìgbéraga ni kì í jẹ́ kó dáhùn.

Àwọn ará Èkó tó ra ìpín rẹ̀ ti dé,
ṣẹ́ẹ̀tì wọn funfun, ọwọ́ wọn rọ̀.
Wọ́n ní kí a máa kó àpótí wọlé láti Ṣáínà,
kí a kàn máa lẹ orúkọ mọ́ ọn.
Orúkọ ló ń tà, wọ́n ní.
Ẹnìkan nínú wọn tiẹ̀ béèrè,
"Ta ni etí ilé iṣẹ́ yìí báyìí?"
Bísíríyù káfíńtà wo ilẹ̀.
Èmi wo ọ̀sà.
Ìyá mi dití kó tó pé àádọ́ta ọdún.

Lálẹ́, mo fa kọ́kọ́rọ́ kúrò lára òòfà.
Ọwọ́ méjì ni mo fi fà á.
Mo pe Jélílì, ọmọ tó ń gbá ìyẹ̀fun pákó,
mo ní kó jókòó, kó dijú.
Ọ̀bẹ. Èémí. Adìẹ.
Ojú rẹ̀ ni mò ń wò.

"Àǹtí," ó ní, "ẹnìkan ń rẹ́rìn-ín
lẹ́yìn ìyá yẹn. Ọmọdé ni. Ó fọwọ́ bo ẹnu."

Mo dá a padà. Mo tún dá a padà.
Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yìí.
N kò gbọ́ ẹ̀rín kankan.