Táyà àti Àyà

Ibà ti lọ, ọ̀fìnkìn ti lọ kí ọyẹ́ tó bo Zaria,
àmọ́ ó gbàgbé ẹrù rẹ̀ sí mi láyà.
Ikọ́ ń jí mi ní agogo mẹ́ta òru.
Mo ní eruku ni.
Danlami po ata-ilẹ̀ mọ́ ṣáyì fún mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.

Èmi tó ń lẹ táyà ní Sabon Gari,
tó ń ri túùbù bọ omi
títí yóò fi hó níbi tó ti ń jò,
n kò gbọ́ ti ara mi.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, mo ń fún táyà ọ̀kadà láfẹ́fẹ́:
pọ́ńpù ń mí, èmi ò rí èémí mí.
Mopélọ́lá kò bá mi jiyàn.
Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó dá kẹ̀kẹ́ márúwá dúró.

Dókítà Ladi gbé etí tútù lé mi lẹ́yìn.
"Ṣé ó ń jò ni?"
Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Omi ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró òsì.
Ká ní o dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀..."
Kò parí ẹ̀.

Láàárọ̀ yìí oníbàárà kan dé, ó ń wúkọ́.
Mo tẹ táyà rẹ̀ wò, ó le koko.
Mo ní: èyí ò jò.
Kọrí ọ̀kadà sí ọsibítù.